Tiwa àti Ti Orísun: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Bí A Ṣe Ń Mú Ẹ̀dà Kóòdù Ètò-Adarí Kọ̀ǹpútà Bá Ìgbà Mu

  

Bí a bá pe ènìyàn wá sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà lóde òní, ohun tí àwùjọ ń retí ni pé kí ó sọ ti ẹ̀rọ tí ń ronú, ẹ̀rọ tí ń yàwòrán, ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè. N kò bá àwọn nǹkan wọ̀nyẹn jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà lábẹ́ gbogbo wọn tí kò ní ìlù, tí kò sì ní ijó, tí a kì í rántí ẹni tí ń ṣe é àfi ní ọjọ́ tí kò bá ṣe é: iṣẹ́ náà ni pé kí ẹni tí ó gba ẹ̀dà kóòdù ètò-adarí kọ̀ǹpútà sílé máa mú un bá orísun rẹ̀ rìn, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, lọ́dún dé ọdún.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Nígbà wo ni ẹni tí ó ní irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹ̀dà òun bá ìgbà mu? Ìdáhùn tí ó yá mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé, nígbà tí ó bá ti gba èyí tí ó tuntun jùlọ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níwájú yín ni pé ẹ̀dà tí ó bá ìgbà mu ni ẹ̀dà tí ẹni tí ó ni ín lè sọ, nígbàkígbà tí a bá bi í, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti orísun, kí ó sì lè sọ ọwọ́ tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Nǹkan lè tuntun kí ó má bá ìgbà mu. Nǹkan sì lè ti pẹ́ díẹ̀ kí ó bá ìgbà mu rẹ́gí.

1. Kí ni ẹ̀dà, kí sì ni bíbá ìgbà mu?

Àwọn àgbà ní ká wí fún ni kó tó dá ni, àgbà ìjàkadì ni. Nítorí náà n ó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ mi túmọ̀ sí kí n tó fi wọ́n jà.

Ètò-adarí, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní operating system, ni ètò tí ń jí ṣáájú àwọn ètò tí à ń lò bí a bá tan kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń pín àyè ìrántí ẹ̀rọ fún àwọn yòókù, òun ni ó ń pàṣẹ fún dísìkì àti kíbọ́ọ̀dù, òun náà ni ó ń sọ ẹni tí ó lè ṣí fáìlì kan àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tí n ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni FreeBSD, ọmọ ètò-adarí Unix, ọmọ Yunifásítì Berkeley, arúgbó tí kò gbàgbé ijó, ètò tí Netflix fi ń pín fíìmù káàkiri ayé tí ẹni tí ń wo fíìmù kò sì mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Kóòdù orísun ni ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ kọ, ní èdè C jùlọ, kí a tó sọ ọ́ di èyí tí ẹ̀rọ nìkan lè kà. Microsoft kì í fi kóòdù Windows lé aráyé lọ́wọ́. Ti FreeBSD kò rí bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni lè gbà á, kí ó kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi kọ́ ètò tirẹ̀, láì san kọ́bọ̀. Ibi tí a kó kóòdù náà jọ sí, pẹ̀lú ìtàn gbogbo àyípadà tí ó ti bá a, ni mo ń pè ní àká, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní repo. Èyí tí ó wà lórí dísìkì tiwa, nínú fódà tí ń jẹ́ /usr/src, ni ẹ̀dà.

Ó ku bíbá ìgbà mu, ibẹ̀ ni ìjà wà. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ènìyàn méjì. Ọ̀kan gba kóòdù ní òwúrọ̀ yìí. Ó sáré tú u sílẹ̀, kò bèèrè ẹ̀ka tí ó jẹ́, kò kọ orúkọ àyípadà tí ó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti tún ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọ nínú fáìlì tí kò rántí mọ́. Èkejì kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀dà tirẹ̀ láti oṣù tí ó kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í, yóò ní ẹ̀ka báyìí ni, àyípadà tí ó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ nìyí, àwọn tí ó ti wọ àká láti ìgbà náà nìwọ̀nyí, ọ̀kan nínú wọn jẹ mọ́ ààbò, ṣùgbọ́n kò kan ẹ̀rọ òun nítorí pé òun kì í lo apá tí wọ́n tún ṣe. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ẹ̀dà rẹ̀ bá ìgbà mu? Mo ní èkejì ni. Ẹni àkọ́kọ́ ní ohun tuntun lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tí ó jẹ́.

Bíbá ìgbà mu, nígbà náà, jẹ́ àjọṣe láàárín nǹkan méjì, ẹ̀dà àti orísun. Ọjọ́ orí ẹ̀dà nìkan kò lè sọ ọ́ fún wa. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn tí ó pa òwe náà kò sọ pé odò tí kò tíì kún ni yóò gbẹ.

2. Bí ẹ̀dà ti ń tọ orísun lọ láti ọdún 1993

Inú ìyàtọ̀ ni FreeBSD fúnra rẹ̀ ti jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993, Jordan Hubbard, Nate Williams àti Rod Grimes ń bójú tó àkójọ àbùlẹ̀ kan fún 386BSD, ètò tí Bill Jolitz gbé jáde fún kọ̀ǹpútà tí apá mẹ̀kúnnù ká. Àbùlẹ̀ ni mo ń pe fáìlì kékeré tí ó ń wí pé ní ìlà báyìí, yọ èyí kúrò, fi èyí sí ipò rẹ̀. Àbùlẹ̀ náà pọ̀ títí ó fi ń wúwo ju ohun tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ, ni wọ́n bá dá dúró; ní ìparí ọdún kan náà ni FreeBSD 1.0 jáde. Irinṣẹ́ tí ó ń lẹ irú àbùlẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ń jẹ́ patch, ni Larry Wall ti kọ ní 1985. Èyí tí ó ń wá ìyàtọ̀ láàárín fáìlì méjì, tí ń jẹ́ diff, ti wà ní Bell Labs láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ohun tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín àwọn ènìyàn nígbà náà, ìyàtọ̀ ni. Ẹnìkan kì í gbé odidi kóòdù kiri bí kò bá di dandan.

Àwọn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ń gba tiwọn lórí síídì. Walnut Creek CDROM, ilé-iṣẹ́ kan ní Kalifọ́níà, ni ó ń tẹ̀ ẹ́ tí ó sì ń tà á. Ẹni tí síídì bá tẹ̀ lọ́wọ́ mọ ohun tí ó ní pátápátá, nítorí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i lára. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti tẹ̀ ẹ́.

Fún àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń fà tìkọ̀ tìkọ̀, Poul-Henning Kamp, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ṣe ètò tí ń jẹ́ CTM. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kóòdù àtẹ̀yìnwá àti ti ìsinsìnyí ni CTM ń dì, tí a fún ní nọ́ńbà, tí ẹni tí ó bá fẹ́ sì lè gbà nínú íméèlì. Nọ́ńbà náà tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ọ̀kan bá sọnù lọ́nà, èyí tí ó tẹ̀lé e kò ní wọlé títí a ó fi rí èyí tí ó sọnù. Kí ó tó fọwọ́ kan fáìlì kan, yóò kọ́kọ́ ṣírò àmì tí à ń pè ní MD5 lára fáìlì náà, kí ó lè mọ̀ bóyá èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ ni èyí tí òun rò pé ó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá ti fi ọwọ́ ara rẹ tún un ṣe, yóò kọ̀ jálẹ̀. Kíkọ̀ yẹn a máa bí ènìyàn nínú. Ní tèmi, ìwà ọmọlúwàbí ni: ó bèèrè kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni CVSup dé, iṣẹ́ ọwọ́ John Polstra. Ó yára débi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún òun ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà. Èdè Modula-3 ni ó fi kọ ọ́, èdè tí ó dára, ṣùgbọ́n tí irinṣẹ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹni púpọ̀, tí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ CVSup láti inú kóòdù fi ní láti kọ́kọ́ wá ti Modula-3, bí ẹni tí ó fẹ́ ro oko ìlá tí a ní kí ó kọ́kọ́ lọ rọ ọkọ́ nílé alágbẹ̀dẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo fáìlì kékeré kan tí CVSup ń kà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí à ń pè ní supfile. Ìlà rẹ̀ kò pọ̀: orúkọ ẹ̀rọ tí a ó ti gba kóòdù, fódà tí a ó kó o sí, àti àmì ẹ̀ka tí a fẹ́, tí a ń kọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tag àti àmì ìdọ́gba. Bí ó bá jẹ́ àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ni a kọ síbẹ̀, ó túmọ̀ sí pé a fẹ́ èyí tí ó tuntun jùlọ. Nísinsìnyí, ká ní ọwọ́ yọ̀, tí ènìyàn kọ àmì tí kò sí nínú àká rárá. CVSup kò ní bá a jiyàn. Yóò wo àká, yóò rí i pé kò sí fáìlì kankan níbẹ̀ tí ó ní àmì yẹn, yóò sì mú ẹ̀dà bá orísun mu gẹ́gẹ́ bí a ti rán an: yóò pa àwọn fáìlì inú ẹ̀dà náà rẹ́. Ìwé ìtọ́ni FreeBSD ìgbà náà kìlọ̀ nípa èyí gidigidi. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n CVSup kò mọ èyí tí ń jẹ́ tọmọ. Bí o bá sì tún fáìlì kan kọ nínú ẹ̀dà tìrẹ, yóò fi ti orísun bò ó mọ́lẹ̀ nígbà tí ó bá tún padà wá.

Ẹ̀dà tí ó jáde lọ́wọ́ CVSup máa ń tuntun, n kò lè gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ẹni tí ó ni ẹ̀dà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀ ti pòórá, kò sì sí àkọsílẹ̀ kankan pé ó wà rí. Bí ìtumọ̀ tí mo gbé kalẹ̀ bá tọ́, ohun tí ó tuntun ni CVSup ń kó wálé; mímọ̀ tí ó yẹ kí ó bá a wá ni kò kó wá.

Ní 2008, kóòdù náà kúrò nínú CVS, ètò tí a fi ń tọ́jú àká rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó bọ́ sínú Subversion, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn. N kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2020 ni ó bọ́ sínú Git, èyí tí Linus Torvalds kọ ní oṣù Kẹrin 2005 fún Linux, ètò-adarí mìíràn. Git mú ohun kan wá tí ó tóbi ju yíyára lọ. Orúkọ tí ó ń fún àyípadà kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà àti òǹkà 40 tí ó tò gbọọrọ, kì í ṣe orúkọ tí ẹnìkan yàn. Láti inú kóòdù náà gan-an, àti láti inú orúkọ àyípadà tí ó ṣáájú, ni a ti ṣírò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá yí lẹ́tà kan padà nínú ohun tí a kọ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, gbogbo orúkọ láti ìgbà náà títí di òní ni yóò yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi tí mo wà níhìn-ín àti ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ Japan lè pe àyípadà tí ó gbẹ̀yìn lórúkọ sí ara wa lórí fóònù. Bí orúkọ méjèèjì bá ṣe ọ̀kan, a mọ̀ pé ohun kan náà ni ó wà lọ́wọ́ wa, àtòní àtàná rẹ̀.

Àṣàyàn kan wà nínú Git, --depth 1, tí ó ń jẹ́ kí a gba ojú kóòdù ti òní nìkan láì gba ìtàn rẹ̀, owó dátà sì ń mú kí ó wu ni. Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kò ní àkísà lọ́wọ́. Bí ẹ bá bi í pé ta ni ó kọ ìlà yìí, nígbà wo ni, kí ni ìdí rẹ̀, kò ní ìdáhùn. Bí agbára bá mọ níbẹ̀, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì mọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀.

3. Orísun kan, ẹ̀ka púpọ̀

Ẹni tí ó ní òun fẹ́ bá orísun mu gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ka tí ó fẹ́ bá mu. Nínú FreeBSD, main ni ibi tí iṣẹ́ tuntun ń bọ́ sí lójoojúmọ́, tí ó lè dúró lónìí kí ó ṣubú lọ́la. Ẹ̀ka stable, bíi stable/14, ni ibi tí a ń kó èyí tí a ti dán wò nínú main wá. Ẹ̀ka releng, tí nọ́ńbà àgbéjáde tẹ̀lé, ni ibi tí kò sí ohun tí ń wọ̀ ọ́ ju àtúnṣe ààbò àti ti àṣìṣe ńlá lọ. Ẹ̀dà releng tí kò tíì yí padà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè bá ìgbà mu pátápátá, nítorí pé orísun rẹ̀ náà kò yí padà.

Èrò mi ni pé kí ilé-ìwé tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbé èsì ìdánwò ọmọ ènìyàn máa lo releng, kí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ sì fi main sórí ẹ̀rọ mìíràn tí omijé kò ní tẹ̀lé ìṣubú rẹ̀. Netflix ní tiwọn ń tẹ̀lé main lórí àwọn ẹ̀rọ tí ń pín fíìmù, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí ara wọn, wọ́n sì ti ṣàlàyé rẹ̀ ní gbangba. Ẹ má ṣe fi ìyẹn ṣe àwòkọ́ṣe láì ní irú àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ní. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ni yóò gbé wa dé ìpele tí ó kàn.

4. Ọwọ́ tiwa nínú ẹ̀dà

Ìyàtọ̀ tí ó ṣòro jùlọ láti mọ̀ ni èyí tí a fi ọwọ́ ara wa dá sílẹ̀. Ènìyàn yí ìlà kan padà nínú kóòdù káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná mànàmáná ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sùn. Kò kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó fẹ́ gba àyípadà tuntun, Git ní òun kò lè tẹ̀síwájú nítorí fáìlì kan ti yí padà nílé, ẹni náà fúnra rẹ̀ ni ó sì ń bèèrè pé ta ni ó ṣe é.

FreeBSD kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́. Bí a bá fi kóòdù inú Git kọ́ kernel, ọkàn ètò-adarí, tí a wá tẹ àṣẹ uname -v lórí ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́, yóò kọ orúkọ ẹ̀ka síta, yóò kọ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ àyípadà tí ó gbẹ̀yìn; bí ẹ̀dà bá sì ní ohun kan tí a kò tíì fi sínú àkọsílẹ̀, yóò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, -dirty. Ìlà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n mo mọ ìwé ńláńlá tí kò sọ òtítọ́ tó o. Ó sọ ibi tí kóòdù ti wá, ó sọ ibi tí ó dé, ó sì sọ pé ọwọ́ kan ti wọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá lè ka ìlà yẹn tí ó sì lè ṣàlàyé -dirty tirẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ bá ìgbà mu ní ọ̀nà tí mo ń wí.

Ohun tí ó yẹ ni kí a fi àyípadà tiwa sínú ẹ̀ka tiwa, kí a kọ ìdí rẹ̀ sí i, kí a sì máa fi àṣẹ git pull --ff-only gba ti orísun sínú ẹ̀ka ti orísun. Àṣẹ yẹn kì í pa nǹkan pọ̀ lẹ́yìn ẹni. Bí ọ̀nà tiwa àti tiwọn bá ti yà, yóò dúró, yóò sì sọ pé ó ti yà. Nígbà tí a bá wá ń pa méjèèjì pọ̀ tí ìlà tiwa àti tiwọn forí gbárí, Git yóò fi ọwọ́ méjèèjì sínú fáìlì kan náà, tiwa lókè, tiwọn nísàlẹ̀, àmì ìdọ́gba méje láàárín wọn, yóò sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún wa. Bí ẹ̀ka tiwa bá ti jìnnà sí orísun tó ni ìdájọ́ náà ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí Netflix fi ń sún mọ́ main, tí wọ́n sì ń dá ọ̀pọ̀ nínú àtúnṣe wọn padà fún àká: ohun tí ó ti di ti orísun kò tún lè bá orísun jà.

Ó ku fáìlì kan tí ó wà nínú /usr/src tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ UPDATING. Ọjọ́ ni a fi tò ó, èyí tí ó tuntun jùlọ lókè. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni àwọn àyípadà tí kò ní mú ojú rere wá bí a kò bá kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan fún wọn: àṣẹ tí orúkọ rẹ̀ yí padà, ètò tí a yọ kúrò, irinṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ tún kọ́ kí a tó kọ́ òmíràn. Kí a kà á láti òkè títí dé ọjọ́ tí a gba ẹ̀dà kẹ́yìn, ìyẹn ni pé ẹni tí kò mọ ọjọ́ yẹn kò mọ ibi tí yóò ti dúró. Lẹ́yìn kíkà ni kíkọ́, ó sì ní ìlànà: make buildworld, make buildkernel, make installkernel, kí a pa ẹ̀rọ kí a tún un tàn, make installworld, kí etcupdate wá mú àwọn fáìlì ìṣètò bá a mu. Kernel tuntun lè gbé àwọn ètò àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn ètò tuntun lórí kernel àtijọ́, ìyẹn lè mú kí ẹ̀rọ má dìde mọ́. Ohun tí ìkánjú ń fà níhìn-ín, ojú ni a fi ń wò ó.

5. Ọwọ́ olè

Bí ẹ kò bá tíì gbà pé tuntun kò tó, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Linux ní oṣù Kọkànlá 2003. Nínú ètò kan tí ń jẹ́ BitKeeper ni àká Linux wà nígbà náà. Nítorí pé àwọn kan kò fẹ́ lo BitKeeper, tí kóòdù rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn nígbà náà, a ń da kóòdù náà kọ sórí ẹ̀rọ mìíràn ní ọ̀nà CVS, kí wọ́n lè máa gbà á níbẹ̀. Ẹnìkan wọ inú ẹ̀rọ CVS yẹn, ó fi ìlà méjì kún fáìlì kernel/exit.c, níbi iṣẹ́ tí a ń pè ní wait4. Lójú ẹni tí ń kà á kọjá, ìlà náà dà bí èyí tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tí ó pe iṣẹ́ náà jẹ́ root, ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nínú èdè C, àmì ìdọ́gba méjì ni a fi ń bèèrè bóyá nǹkan méjì dọ́gba. Ọ̀kan ṣoṣo ni a fi ń sọ nǹkan di nǹkan. Ọ̀kan ni olè náà kọ. Ìlà náà kò bèèrè bóyá ènìyàn jẹ́ root. Ó sọ ọ́ di root.

Kì í ṣe ojú tí ń ka kóòdù ni ó mú un. Ohun tí ó mú un ni pé a ń fi CVS wé BitKeeper, a sì rí àyípadà kan nínú CVS tí kò ní bàbá nínú BitKeeper. Larry McVoy kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù náà, kóòdù olè kò sì wọ inú àká gan-an rárá. Ẹ wá rò ó wò. Ẹni tí ó gba kóòdù láti CVS ní àkókò yẹn ní èyí tí ó tuntun jùlọ lọ́wọ́. Èyí tí ó tuntun jùlọ ni májèlé wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀dà àti orísun, èyí tí ẹnìkan ti ṣètò láti máa mọ̀, ni ó kó gbogbo ayé yọ.

FreeBSD náà rí tirẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2012, nígbà tí wọ́n kéde pé ẹnìkan ti fi kọ́kọ́rọ́ SSH tí ó bọ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ wọn kan wọ ẹ̀rọ méjì lára tiwọn. Wọ́n yẹ kóòdù orísun wò, wọ́n rí i pé ọwọ́ kò kàn án. Ṣùgbọ́n àkójọ ètò tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀ fún àgbéjáde 9.1, tí kò sí ohun tí wọ́n lè fi wé, ni wọ́n yọ kúrò, tí wọ́n sì ní àwọn yóò tún kọ́, nítorí pé àwọn kò lè jẹ́rìí sí i. Wọ́n tún rọ àwọn ènìyàn kí wọ́n fi CVSup sílẹ̀. Ohun tí a lè fi wé òmíràn ṣeé jẹ́rìí sí. Ohun tí kò ní ìyẹn, bí ó ti wù kí ó mọ́ tó, ìgbàgbọ́ lásán ni a fi ń gbà á.

6. Àtakò kan

Mo rí ẹnìkan lọ́wọ́ ẹ̀yìn tí ó ti ń mi orí. Ó fẹ́ bi mí pé kí ni a tilẹ̀ ń fi kóòdù orísun ṣe, nígbà tí freebsd-update, ètò tí Colin Percival kọ, lè gbé àtúnṣe tí a ti kọ́ tán wá sílé ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, òun náà ni èmi yóò ní kí ẹ lò, èmi kò sì rí ọlá kankan nínú kí ènìyàn máa kọ́ buildworld mọ́jú nítorí àtúnṣe ìlà méjì. Ṣùgbọ́n ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ẹni tí kò ní kóòdù lè gba àtúnṣe. Kò lè rí ohun tí a tún ṣe. Ní ilé-ìwé tí a ti ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ yìí, mo rò pé ìyẹn kò tó.

Ìdí mìíràn wà tí ó kan àwa tí a wà ní etí òkun yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bíi mẹ́rin já nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; ní Nàìjíríà, ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ fóònù mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà Git pẹ̀lú gbogbo ìtàn rẹ̀ lórí dísìkì ní ọjọ́ náà lè ka àkọsílẹ̀, ó lè fi ẹ̀ka kan wé òmíràn, ó lè kọ́ kernel, ó lè tún àṣìṣe ṣe kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, láì fi ohunkóhun gba inú òkun kọjá. Orísun sọnù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òun bá a dé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń dá a lábàá pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan tí ó bá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní àká tirẹ̀ nínú ọgbà, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí yóò máa gba ti FreeBSD àti ti Linux lóru nígbà tí dátà dínwó, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa gba tiwọn láti ibẹ̀ láì na kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní láti lágbára; dísìkì tí ó ní àyè, bátìrì tí yóò gbé e títí iná mànàmáná yóò fi dé, àti ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó kọ orúkọ àyípadà tí ó gbẹ̀yìn nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sí ara pátákó ìkọ̀wé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wo tirẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti pátákó ni kí ó dìde, kí ó ṣàlàyé fún kíláàsì ohun tí ó fà á, kí ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ náà sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.